Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ nígbà tí Linux ń tan? Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti dákẹ́

Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ wa ní Àjàṣẹ́. Ẹnì kan á pè láti Kétu, ẹlòmíràn á fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Linux mi ń tan o, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù ò dáhùn mọ́." Kẹ́ ẹ tó gun zémì lọ sí ọjà Ouando lọ ra òmíràn, ẹ dúró ná. Èmi náà ti ra tuntun nítorí irú ẹ̀ rí. Mo délé, mo kì í bọ ihò USB, tuntun dákẹ́ bíi ti àtijọ́. Àṣé ohun kan tí mo fọwọ́ ara mi pa nínú BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kó tó kan Linux) lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú ló fa gbogbo ẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá pè ni pé: níbo ló ti dákẹ́? Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu á kọjá ní Ṣakétè, á kọjá ní Pọ́bẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ní ibi tó ń gbà kọjá kó tó tan tán, ẹni tó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ní ibì kan kọ́ ló ń gbọ́ ọ ní ibòmíràn:

- BIOS tàbí UEFI (irú BIOS ti òde òní): ìgbà tí àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà ń hàn.
- GRUB: mẹ́nù tẹ́ ẹ ti ń yan Linux tẹ́ ẹ fẹ́.
- initramfs (ẹrù kékeré tí kẹ́nẹ̀lì, ìyẹn ọkàn Linux, ń gbé dání láti fi bẹ̀rẹ̀): kẹ́nẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí dísíìkì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù dísíìkì tẹ́ ẹ bá fi LUKS (kọ́kọ́rọ́ dísíìkì ti Linux) tì í.
- Ojú ìwọlé: ibi tí orúkọ yín ti hàn.

Bí kíbọ́ọ̀dù bá ṣiṣẹ́ ní ibì kan tó wá dákẹ́ ní ibi tó tẹ̀ lé e, kíbọ́ọ̀dù ò bàjẹ́. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni ìṣáájú ni kò mọ̀ ọ́n.

## Ṣé ó dákẹ́ lóòótọ́?

Ọmọkùnrin kan pè mí láti Kétu. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù nígbà mẹ́wàá, kò kọ nǹkan kan." Ojú dúdú ló wà, ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù lórí ìlà. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ dópin, kó má wojú kọ̀ǹpútà, kó tẹ Entrée (Enter). Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: "Áà! Ó mà ti ń kọ látẹ̀yìn wá." Lórí ojú dúdú yẹn, Linux kì í fi páásíwọ́ọ̀dù hàn, kì í tilẹ̀ fi ìràwọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó ń gbọ́, kò kàn fèsì ni.

Ẹ yẹ àwọn wọ̀nyí wò kẹ́ ẹ tó sọ pé kíbọ́ọ̀dù kú:

- Ẹ tẹ Verr Maj, èyí tí wọ́n ń kọ Caps Lock sí lára kíbọ́ọ̀dù tó ti Èkó wá. Bí iná kékeré rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ń gbọ́ yín.
- Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan, tí ohun gbogbo sì dúró gbagidi, kẹ́nẹ̀lì ló ṣubú. Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù kọ́ nìyẹn.
- Máúsì ńkọ́? Bí máúsì náà ò bá mira, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbogbo kọ̀ǹpútà ló há.
- Ẹ tẹ Maj (Shift) mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 8, kẹ́ ẹ sì tún gbìyànjú. Ètò kan wà fún àwọn tọ́wọ́ wọn ń gbọ̀n, tí kì í gba lẹ́tà àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ọmọdé tó fọwọ́ lé Maj lè ti tan án láìmọ̀, ọ̀nà tó gbà tan án náà lẹ fi ń pa á.

Èyí tó tún ń tan àwa ará Benin jẹ ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ètò lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà tó gba èbúté Kútọnu wọlé sábà máa ń jẹ́ AZERTY (ètò Faransé), èyí tó ti Èkó wá jẹ́ QWERTY (ètò Gẹ̀ẹ́sì), àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn gbé nínú ilé kan náà. Tẹ́ ẹ bá tẹ "mama" lórí AZERTY tí Linux rò pé QWERTY ni, ohun tó máa gbà ni ";q;q". Páásíwọ́ọ̀dù ò ní wọlé láéláé, ẹ ó sì máa bínú sí kíbọ́ọ̀dù tí kò ṣe yín ní nǹkan kan.

## Wíwá ibi tó ti dákẹ́

Ìkìlọ̀ kan ná: tí ápídéètì bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ má fipá pa kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kó parí.

1. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 títí kọ̀ǹpútà á fi kú pátápátá.
2. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára USB: fúláàṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, modẹ́ẹ̀mù. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ni kó kù, kẹ́ ẹ sì kì í bọ ara kọ̀ǹpútà tààrà. Ẹ má gba inú ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ihò kan di mẹ́rin.
3. Ẹ tan án. Bí àmì bá ti hàn, ẹ máa tẹ F2 tàbí Suppr (Delete) léraléra. Àwọn kan ń lo F10 tàbí Échap (Esc), ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà. Tí BIOS bá ṣí tí àwọn ọfà sì ń rìn, ibùdó kìíní dára. Ẹ jáde láì yí nǹkan kan padà.
4. Nígbà tó bá tún ń tan, ẹ tẹ Échap fún kọ̀ǹpútà UEFI, tàbí kẹ́ ẹ di Maj mú fún èyí tó ti pẹ́, kí mẹ́nù GRUB lè yọ. Ẹ fi ọfà lọ sókè lọ sísàlẹ̀.
5. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bó bá dé ojú ìwọlé tí kò gba lẹ́tà, ẹ tẹ Ctrl+Alt+F3. Bí ojú dúdú bá yọ, kíbọ́ọ̀dù wà láàyè dáadáa, ojú ìwọlé ló ń ṣàìsàn.
6. Ẹ kọ ibi tó ti dáhùn gbẹ̀yìn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ sí ìpín tó bá a mu nísàlẹ̀.

Ẹ má tẹ Échap léraléra ní ìgbésẹ̀ 4 o. Tó bá pọ̀ jù, ẹ ó bọ́ sí ibi tó kàn kọ "grub>" sí. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ kọ normal kẹ́ ẹ tẹ Entrée. Ṣùgbọ́n GRUB, QWERTY ló mọ̀. Lórí AZERTY, àwọn bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ fún "normal" ni N, O, R, àmì ìdánudúró díẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ N, Q, àti L.

## Bí kò bá dáhùn rárá, títí kan BIOS

Kò tíì kan Linux níbí, torí náà kò sí àṣẹ Linux kankan tó máa tún un ṣe.

Fún kíbọ́ọ̀dù USB, ìdánwò tó yá jù ni fóònù. Ẹ wá okùn OTG (èyí tó ń so nǹkan USB mọ́ ihò fóònù), ẹ so kíbọ́ọ̀dù mọ́ fóònù Android, ẹ ṣí ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ ìfiránṣẹ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá kọ, ara kíbọ́ọ̀dù le koko. Ẹ wá yí ihò padà. Lára kọ̀ǹpútà tó ti gbó díẹ̀, BIOS lè má mọ ohun tó wà nínú ihò USB 3, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Ihò dúdú ni kẹ́ ẹ lò.

Èyí tí kò ní wáyà ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Tó bá jẹ́ Bluetooth, ẹ má retí pé kó ṣiṣẹ́ nínú BIOS tàbí GRUB, Linux gbọ́dọ̀ tan tán kó tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kíbọ́ọ̀dù oníwáyà kan nílé fún irú ọjọ́ báyìí, kódà kó jẹ́ àlòkù tí lẹ́tà mẹ́ta ti yọ lára ẹ̀.

Fún láptọ́ọ̀pù: ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ, ẹ di bọ́tìnnì ìtanná mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ dá wọn padà. Ó máa ń jí èyí tí iná ségesège ti dà láàmú. Bí kò bá jí, tí kíbọ́ọ̀dù USB sì ń ṣiṣẹ́ lára kọ̀ǹpútà kan náà, okùn pẹlẹbẹ tó so kíbọ́ọ̀dù mọ́ inú lọ́hùn-ún ló yọ, tàbí omi ló wọ ibẹ̀, tàbí eruku ọyẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń tú inú ẹ̀rọ nìyẹn.

## Bó bá dákẹ́ ní GRUB nìkan

Linux ń tan fúnra ẹ̀, kíbọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé tán, ṣùgbọ́n ẹ ò lè yan nǹkan kan nínú mẹ́nù GRUB. Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ sí nìyí. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yára tan, mo wá lọ pa Legacy USB Support, ètò tó ń jẹ́ kí BIOS àti GRUB gbọ́ kíbọ́ọ̀dù USB.

1. Bẹ́ ẹ bá ti wọ inú Linux, ẹ ṣí tẹ́míná (ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ) kẹ́ ẹ kọ:

   systemctl reboot --firmware-setup

   Lórí UEFI, àṣẹ yìí á gbé yín wọ inú BIOS láìjẹ́ pé ẹ tẹ F2. Inú mi ì bá dùn tí mo bá ti mọ̀ ọ́n kí n tó náwó.
2. Ẹ wá Legacy USB Support tàbí USB Keyboard Support, ẹ tan án.
3. Ẹ wá Fast Boot, ẹ pa á. Tó bá wà ní títàn, BIOS lè fo USB kọjá kó lè yára.
4. Bẹ́ ẹ bá rí XHCI Hand-off, ẹ tan án.
5. Ẹ fi F10 tọ́jú rẹ̀ kẹ́ ẹ jáde.

Bí kíbọ́ọ̀dù ò bá ṣiṣẹ́ nínú BIOS yẹn náà, ẹ lo máúsì. Púpọ̀ nínú UEFI òde òní ń gba máúsì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ní ihò róbótó PS/2 lẹ́yìn á gba kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ láìjanpata.

## Bó bá ṣiṣẹ́ ní GRUB, tó dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

### Kẹ́nẹ̀lì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán wò

Ṣé lẹ́yìn ápídéètì ló bẹ̀rẹ̀? Nínú GRUB, ẹ lọ sí "Options avancées pour Ubuntu" tàbí orúkọ tí Linux tiyín ń jẹ́, ẹ yan kẹ́nẹ̀lì tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti òkè. Bí kíbọ́ọ̀dù bá jí, ẹ ti mọ ẹni tó ṣẹ̀ yín. Ó sábà máa ń jẹ́ pé iná lọ láàárín ápídéètì, kẹ́nẹ̀lì tuntun wọlé, ẹrù rẹ̀ kù lójú ọ̀nà. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ ṣí tẹ́míná kẹ́ ẹ kọ:

   sudo dpkg --configure -a
   df -h /boot

Àṣẹ kejì ń sọ bóyá /boot ti kún. Tó bá ti dé 100%, initramfs tuntun ò ríbi jókòó, ẹ lo sudo apt autoremove láti kó kẹ́nẹ̀lì tí ò wúlò mọ́ dànù. Lẹ́yìn náà:

   sudo update-initramfs -u

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi "-k all" sí i kó lè kan gbogbo kẹ́nẹ̀lì. Èmi kì í fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí nǹkan bá wọ́, kẹ́nẹ̀lì àtijọ́ tí mo fi wọlé náà á bá a lọ, ibo ni n ó wá gbà wọlé?

### Kíbọ́ọ̀dù ara láptọ́ọ̀pù

Kíbọ́ọ̀dù tó wà lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan tí kẹ́nẹ̀lì ń pè ní i8042 kọjá. Nígbà mìíràn àwọn méjèèjì ò gbọ́ra wọn yé. Ẹ lè bá kẹ́nẹ̀lì sọ̀rọ̀ láti inú GRUB:

1. Ẹ gbé ọfà sórí ìlà Linux yín, ẹ tẹ E. Ẹ má tẹ Entrée.
2. Ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "linux". Ó máa ń gùn, "quiet splash" sì sábà máa ń wà ní ìparí rẹ̀.
3. Ẹ pa "quiet splash" rẹ́ kẹ́ ẹ lè máa rí ohun tó ń lọ. Ní ipò rẹ̀, ẹ kọ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe tò yìí:

   i8042.reset
   i8042.nomux
   i8042.nopnp
   i8042.dumbkbd

4. Ẹ tẹ Ctrl+X tàbí F10 kó máa lọ.

Lórí AZERTY, ẹ rántí pé QWERTY ni GRUB ń gbọ́. Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín:

- Nọ́ńbà: ìlà òkè, láìtẹ Maj.
- Àmì ìdánudúró (.): bọ́tìnnì tí wọ́n kọ : sí.
- m: bọ́tìnnì tí wọ́n kọ , sí.
- a àti q ti gba ipò ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni z àti w.
- Ìlà kékeré (-): bọ́tìnnì tí wọ́n kọ ) sí.
- = ò yí padà.

Ohun tẹ́ ẹ kọ sí ibí kì í pẹ́. Bẹ́ ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, ó ti lọ nìyẹn, torí náà kò sí ewu nínú dídán an wò. Èyí tó bá ṣiṣẹ́, ẹ fi sí /etc/default/grub, láàárín àmì àyọlò tó wà lórí ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, kẹ́ ẹ wá kọ sudo update-grub. Lórí Fedora:

   sudo grubby --update-kernel=ALL --args="i8042.reset"

Tó bá jẹ́ dumbkbd ló gbà yín, iná Verr Maj ò ní tàn mọ́. Ẹ má pè mí pé ó tún ti bàjẹ́.

### Dísíìkì tó ní LUKS, kíbọ́ọ̀dù USB

Ó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù dísíìkì, ẹ ń tẹ̀, kò gbọ́. Dráífà kíbọ́ọ̀dù USB (ètò tó ń jẹ́ kí kẹ́nẹ̀lì gbọ́ ọ) ò sí nínú initramfs. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù ara rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Lórí Debian àti Ubuntu:

1. Nínú /etc/initramfs-tools/initramfs.conf, ẹ rí i pé MODULES=most ló wà níbẹ̀, kì í ṣe dep.
2. Ẹ fi àwọn wọ̀nyí sí /etc/initramfs-tools/modules, ọ̀kan lórí ìlà kan: xhci_pci, ehci_pci, usbhid, hid_generic.
3. sudo update-initramfs -u

Lórí Arch, ẹ ṣí /etc/mkinitcpio.conf, kí "keyboard" ṣáájú "autodetect" lórí ìlà HOOKS, kẹ́ ẹ wá kọ sudo mkinitcpio -P. Bó bá wà lẹ́yìn autodetect, kíbọ́ọ̀dù tó wà lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà nìkan ló máa mọ̀. Lórí Fedora, sudo dracut --force --no-hostonly.

Bó bá ń gbọ́ ṣùgbọ́n tó ní páásíwọ́ọ̀dù kò tọ̀nà, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ AZERTY. Ẹ lo sudo dpkg-reconfigure keyboard-configuration, ẹ yan Faransé, kẹ́ ẹ tún initramfs kọ. Páásíwọ́ọ̀dù LUKS tèmi ò ní a, q, z, w, m tàbí nọ́ńbà nínú. Ó gùn, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù méjèèjì ló gbà á.

## Bó bá jẹ́ ojú ìwọlé nìkan ló dákẹ́

Máúsì ń rìn, lẹ́tà ò kọ. Ẹ wá àwòrán ènìyàn kékeré ní igun ojú ìwọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tan kíbọ́ọ̀dù ojú skírìnì, kẹ́ ẹ fi máúsì tẹ páásíwọ́ọ̀dù yín. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń múni wọlé.

Bí Ctrl+Alt+F3 bá ṣiṣẹ́, ẹ wọlé síbẹ̀. Lórí Debian tàbí Ubuntu tó ń lo Xorg (ètò tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà), ó lè jẹ́ pé ápídéètì ti yọ ohun tó ń gba ìtẹ̀:

   sudo apt install xserver-xorg-input-all
   sudo reboot

Bí kò bá ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ sì ti fi openssh-server (ètò tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé láti orí ẹ̀rọ mìíràn) sórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gba orí fóònù wọlé pẹ̀lú Termux, tẹ́míná orí Android, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà wà lórí wifi kan náà.

## Bí gbogbo ọ̀nà bá dí: fúláàṣì Linux

Ẹ fi fúláàṣì Ubuntu tan kọ̀ǹpútà, ẹ yan kẹ́ ẹ dán an wò láìfi sórí dísíìkì. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ti rí i pé ara rẹ̀ dá. Ẹ ṣí tẹ́míná:

1. lsblk, kẹ́ ẹ mọ orúkọ ibi tí Linux yín wà. Ẹ má kàn da tèmi yìí kọ. Ohun tó wà ní /dev/sda2 lè jẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó yín.
2. sudo mount /dev/sda2 /mnt
3. Bí /boot bá dá dúró lọ́tọ̀: sudo mount /dev/sda1 /mnt/boot
4. for i in dev proc sys run; do sudo mount --rbind /$i /mnt/$i; done
5. sudo chroot /mnt, ẹ ti bọ́ sínú Linux yín nìyẹn
6. Ẹ ṣe àtúnṣe tó yẹ láti àwọn ìpín òkè, kẹ́ ẹ kọ update-initramfs -u
7. exit, kẹ́ ẹ tún kọ̀ǹpútà tan.

Fún dísíìkì LUKS, sudo cryptsetup open ló máa ṣáájú ìgbésẹ̀ 2. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fún un gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú /etc/crypttab mu. Bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi orúkọ èyíkéyìí ṣí i, ẹ lọ kà á nínú fáìlì náà, ẹ tì í, kẹ́ ẹ fi orúkọ tó tọ́ tún un ṣí. Mo ti rí ẹni tó fo èyí. Initramfs tó kọ ò mọ̀ mọ́ pé dísíìkì ní kọ́kọ́rọ́ rárá, ìṣòro kan sì di méjì.

## Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ká má bàa máa lọ ká máa bọ̀:

- Ibi tó ti dáhùn gbẹ̀yìn.
- USB ni, Bluetooth ni, àbí ti ara láptọ́ọ̀pù. AZERTY àbí QWERTY.
- Linux wo, àti ohun tí uname -r kọ.
- Ohun tí ẹ yí padà ṣáájú ọjọ́ náà, títí kan BIOS.
- Èsì àṣẹ yìí, láti inú kẹ́nẹ̀lì tó bá ṣiṣẹ́:

   journalctl -k -b -1 | grep -iE "i8042|usb|hid"

"-1" yẹn ń tọ́ka sí ìgbà tó tan ṣáájú, èyí tí kíbọ́ọ̀dù ti dákẹ́. Ẹ da lẹ́tà rẹ̀ kọ ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Fọ́tò tẹ́ ẹ yà lókèèrè lábẹ́ iná pupa kì í ṣeé kà.